Tọkọtaya Mẹ́jọ, Ẹnu Méjì

Kò sí ohùn tí Ọkọ-Ìlú kò tíì fi sọ fún Omijé pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi tirẹ̀. Ó ti fi ohùn dókítà sọ ọ́, ó ti fi ti arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn sọ ọ́, ó sì ti fi ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti imú sọ̀rọ̀ sọ ọ́ títí ọ̀nà ọ̀fun fi dùn ún. Omijé náà ti dá a lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti gbà, ó ti kọ̀, ó ti sunkún, ó ti gbá a létí. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, oníkálùkù á bọ́ ohun tó fi sétí, á mu omi, á fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, á ní ó dàárọ̀.

Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Fíìmù á ti òkè òkun dé, ẹnu àwọn òṣèré á máa mì lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn méjèèjì á sì máa fi èdè tiwa kún ẹnu náà. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Yàrá kan ni ti ẹ̀rọ, níbi tí Bàbá Ẹlẹ́rọ máa ń jókòó sí. Èkejì ni ti ohùn, tí wọ́n fi fóòmù ibùsùn àlòkù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Ẹni tó bá wo fóòmù náà dáadáa yóò rí ibi tí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ti tọ̀ sí i láyé ọjọ́un.

Ọ̀gá wọn, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, kò gbà pé ẹnu tó ju méjì lọ pọn dandan. Ọkọ-Ìlú ló ń sọ̀rọ̀ gbogbo ọkùnrin. Omijé ló ń sọ̀rọ̀ gbogbo obìnrin, gbogbo ọmọdé, àti ajá bí ajá bá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ. Ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ gbogbo ayé lójú fíìmù, tó sì jẹ́ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbélé, òun ni wọ́n sọ di Ọkọ-Ìlú. Omijé ní tirẹ̀ lè sunkún kí èèyàn tó ṣẹ́jú, á sì dákẹ́ kí èèyàn tó tún un ṣẹ́, á bèèrè bóyá omi gbígbóná ṣì kù.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Ọ̀gá gbé fíìmù Kérésìmesì kan dé, irú èyí tí kì í ní olólùfẹ́ méjì péré. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nínú èyí, tọkọtaya mẹ́jọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Omijé sọ, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú mìíràn ń pe òun wá ṣiṣẹ́, pé òun yóò dá wọn lóhùn kí fíìmù yìí tó parí.

Ó ti pẹ́ tí Ọkọ-Ìlú ti mọ ohun tó fẹ́ sọ fún obìnrin yìí. Bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú rẹ̀ ni kò mọ̀. Nígbà tó ń la pákó lọ́sàn-án, tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ lálẹ́, ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìyẹ̀fun pákó á wà nínú irun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ ní kó dìde kó kàwé sókè. Ohùn tó jáde tín-ín-rín, ó sì ń dún kín-ín bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Gbogbo kíláàsì fi ọwọ́ lu tábìlì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí iná fi lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń yá ohùn ẹlòmíràn lò.

"Tọkọtaya ìkíní!" Bàbá Ẹlẹ́rọ ké láti inú yàrá ẹ̀rọ. "Obìnrin oníbúrẹ́dì àti agbẹjọ́rò. Yìnyín ń bọ́ lé wọn lórí. Ẹ gbọ̀n!"

Wọ́n gbọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn, wọ́n gbọ́dọ̀ pa fáànù, fóòmù sì bo gbogbo ògiri, nítorí náà òógùn ń dà lára àwọn méjèèjì bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ọkọ-Ìlú fi táwẹ́lì nu ojú, ó ní, "Òtútù yìí fẹ́ pa mí, olólùfẹ́ mi."

"Sún mọ́ mi," ni Omijé dáhùn, ó sì sún àga tirẹ̀ sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè dé ibẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́rọ dá fíìmù dúró. Omijé tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ọkùnrin yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?"

"Agbẹjọ́rò ni."

"Nígbà wo? Láti àárọ̀ ló ti ń ra igi Kérésìmesì."

"Bóyá ilé ẹjọ́ gba ìsinmi."

"Nọ́ọ̀sì tọkọtaya ìkejì ńkọ́? Ó fi aláìsàn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ ń ju yìnyín lu ọlọ́pàá."

"Aláìsàn náà ni tọkọtaya ìkẹrin," ni Ọkọ-Ìlú wí. "Ara rẹ̀ ti yá. Ó ti lọ ń jó."

"Ìkarùn-ún ló ń dùn mí. Ìyàwó rẹ̀ kú kí n tó jókòó dáadáa, kí n tó dìde lọ mu omi ó ti fẹ́ òmíràn. Ẹni tó kú yẹn kò tilẹ̀ rí àyè tutù!"

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. "Ẹ fi fíìmù mi lọ́rùn sílẹ̀ o! Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìkíní ò bá wù, ìkejì á wù ú. Kódà bí èèyàn bá sùn lọ tó jí, á ṣì bá ẹnìkan tó ń fẹnu ko ẹnìkan lẹ́nu. Fíìmù wo ló tún ṣoore fún èèyàn báyìí?"

Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Wọ́n tún gbọ̀n.

Tọkọtaya ìkẹjọ nìkan ló wu Ọkọ-Ìlú lára gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà ni, òun àti obìnrin tó ń wa ọkọ̀ akólẹ̀. Àwọn méje tó kù ti gba àyè tán, nítorí náà àwọn méjì yìí kò rí ju kí wọ́n kíra lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ọkùnrin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la ìlú kọjá kí obìnrin náà tó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ọkọ-Ìlú gbé ìgboyà kan mì, ó wo ọ̀nà, ó sì sọ ọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Omijé kò gbójú kúrò lára búrẹ́dì rẹ̀. "Tọkọtaya ìkelòó?"

"Ẹ̀n?"

"Bó bá jẹ́ ìkẹta ni, ó ti yá jù. Ìkẹta ò tíì dárí ji ìyá rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìkẹfà, gbé e jáde láti inú àyà. Awakọ̀ òfúrufú kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí bàtà."

Kí ni yóò ṣe? Ó gbé e jáde láti inú àyà. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ẹ̀hẹ́n! Ìkẹfà gan-an nìyẹn. Bí o bá padà wọlé, má gbàgbé bí o ṣe sọ ọ́."

Kò gbàgbé. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dán ìkẹfà wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀gá sì yìn ín.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán ṣòkòtò. Télọ̀ ni, kò sì sí fíìmù Kérésìmesì tó jáde tí kò wò. Ó lè sọ èyí tí wọ́n ti fẹ́ra nínú ọkọ̀ ojú irin àti èyí tí wọ́n ti fẹ́ra lórí òrùlé. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán, ó pòṣé.

"Ìwọ náà, wọ́n ha ń kàn án sọ bẹ́ẹ̀? Nǹkan gbọ́dọ̀ dà sí i lára ná!"

"Kí ló gbọ́dọ̀ dà?"

"Tíì, kọfí, ohunkóhun tó bá wà ní ìtòsí. Ṣé bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn tó, o ò wò wọ́n ni? Á dà sí i láyà, á bínú, o máa fi áńkáṣíìfù nù ún, ojú á ṣe mẹ́rin. Ó parí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni fíìmù yẹn. Èmi gan-an ni mo ń pa irọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ pé irọ́ ni? Láti àárọ̀ ni mo ti ń rán ṣòkòtò fún àwọn tí kì í dúpẹ́. Lọ́dún tí òrùlé wa ń jò, tí èmi àti ìwọ ń gbé abọ́ kiri yàrá láti gbe omi, abọ́ aláwọ̀ ewé yẹn tó ní ihò tí a fi ọṣẹ dí, ṣé ẹnìkan wá sọ fún wa pé bí wákàtí kan àbọ̀ bá ti kọjá gbogbo rẹ̀ á dára? Jẹ́ kí n wo ibi tó ti ń dára. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, kò sì ní ku ẹnìkan síta. Ṣé o mọ bó ṣe ń dùn tó, kí ó má ku ẹnìkan síta?"

Ọkọ-Ìlú dìde, ó lọ ń wá áńkáṣíìfù tó mọ́.

"Má jẹ́ kí tíì náà gbóná jù," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Omijé dúró sí yàrá ẹ̀rọ, ó ń bá Bàbá Ẹlẹ́rọ sọ̀rọ̀. Ọkọ-Ìlú po tíì tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi áńkáṣíìfù mímọ́ sí àpò, ó sì ń bọ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn ẹ̀rọ. Tíì náà kò kan Omijé rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá bí àlejò tó mọ ilé tó ń lọ, ó sì bà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gba ohùn sí. Ẹ̀rọ náà ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó rú èéfín díẹ̀, ó dákẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́rọ ká ọwọ́ lérí. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó sì bú sẹ́kún. "Ó ti pa tọkọtaya mẹ́rin! Ìkíní ti lọ! Ìkejì ti lọ! Ìkẹta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ji ìyá rẹ̀ lánàá! Ìkẹrin, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá!"

Ọ̀gá sáré wọlé. "Ta ló gbé tíì wọ ibí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ọkọ-Ìlú kì í purọ́ bí kò bá sí máíkì níwájú rẹ̀. "Mo fẹ́ dà á sí Omijé lára ni."

Àní ẹ̀rọ tó ń rú èéfín dà bí ẹni dúró gbọ́.

"Sí èmi lára?" ni Omijé wí. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ọkọ-Ìlú yọ áńkáṣíìfù jáde láti fi ṣàlàyé. Ìyẹn kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì tún gbogbo tọkọtaya mẹ́rin gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Omijé kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi lẹ́nu máíkì, ohun tó sì ń sọ fún un níbẹ̀ ni pé òun kò lè wà láàyè láìsí i. Bí wọ́n bá dé ibi ìgbátí, itan ara rẹ̀ ló máa ń gbá tẹ́lẹ̀ kó lè dún. Lọ́tẹ̀ yìí apá Ọkọ-Ìlú ló gbá. Ọ̀gá ní ìgbátí náà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, àfi kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ọkọ̀ kan fun fèrè níta. Wọ́n tún un ṣe.

Wọ́n wá dé òpin. Bí àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣe máa ń ṣe, gbogbo ayé pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, láìsí ẹni tó pè wọ́n. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu méjì ló wà fún wọn. Ọkọ-Ìlú fi ohùn agbẹjọ́rò bẹ ọmọ ọlọ́pàá, ó fi ohùn ọlọ́pàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó awakọ̀ òfúrufú fún oore tí kò ṣe. Omijé sọkún ayọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́ ajá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí gbogbo wọn ti ń gbá ara wọn mọ́ra. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Ẹlẹ́rọ tan fáànù.

Omijé gbé báàgì rẹ̀. "Ó dàbọ̀ o," ni ó wí fún gbogbo ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ọkọ-Ìlú jókòó. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kò ní ó dàárọ̀. Ó ní ó dàbọ̀.

"Ibùdókọ̀ ló ní òun ń lọ," ni Bàbá Ẹlẹ́rọ wí, ó ń ká okùn ẹ̀rọ. "Ìwọ, tíì rẹ ò ní jẹ́ kí n sùn títí ọdún yóò fi yí po."

Ọkọ-Ìlú ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Nínú fíìmù, ọkùnrin ìkẹjọ fi aṣọ òtútù dúdú sáré la ìlú, aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mí gúlegúle. Ọkọ-Ìlú kò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ọ̀tún fi ya, tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un pá-pá-pá lójú ọ̀nà. Ajá kan dara pọ̀ mọ́ ọn. Obìnrin kan béèrè pé, "Ta ló ń lé e?" kò rí ẹnìkankan, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á, òun náà ká aṣọ sókè, ó sá. Bàbá kan tó jáde láti ilé ìfowópamọ́ rí ẹni méjì àti ajá tí wọ́n ń sá, kò dúró bèèrè. Nígbà tí Ọkọ-Ìlú yóò fi dé ibùdókọ̀, ó ti ní èrò lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ du ipò.

Omijé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá kan. Ọkọ-Ìlú gbìyànjú ohùn dókítà, kò jáde. Ó gbìyànjú ti awakọ̀ òfúrufú, afẹ́fẹ́ lásán. Eré ti tú gbogbo wọn dànù lọ́nà. Ó tún ẹnu là, ohun kan sì jáde, tín-ín-rín, tó ń dún kín-ín, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún Omijé bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má lọ."

Omijé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Ohùn ta nìyẹn?"

"Tèmi. Àwọn yòókù ti tán."

Omijé gbé báàgì sílẹ̀. "Tún un sọ."

"Ẹ má lọ sí rédíò. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Kì í ṣe ìkẹta, kì í ṣe ìkẹfà. Ní ti tíì yẹn, wọ́n ní kó kọ́kọ́ dà sí yín lára ni, pé bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀."

Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ náà yọ orí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ń wọlé àbí ẹ ò wọlé?"

"Pa ẹnu rẹ dé, jẹ́ ká gbọ́!" ni obìnrin kan pariwo mọ́ ọn láti ojú fèrèsé. "Ọkùnrin, sọ̀rọ̀ sókè! Ẹ̀yìn wa ò gbọ́!"

"Ṣé kò síná ni?" ni bàbá ilé ìfowópamọ́ ń béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹnìkan dákun sọ fún mi ohun tí mò ń sá fún."

"Rédíò wo?" ni Omijé wí. "Mo ti kọ̀ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìkéde òkú ni wọ́n ní kí n máa kà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ohùn mi bá a mu."

"Ẹ wá ní ó dàbọ̀."

"Mi ò fẹ́ sọ fún ẹ pé ó dàárọ̀. O fẹ́ fi tíì bó mi!"

"Kò gbóná."

"Ìyá mi fi àpótí ránṣẹ́ sí mi ni mo ṣe wá síbí." Ó wò ó láti orí dé bàtà tó la ẹnu. Ojú rẹ̀ kún fún omi, èèyàn ṣẹ́jú, ó tún un ṣẹ́, omi náà kò sì lọ. "Ohùn yìí ò dára."

"Mo mọ̀."

"Kò dára rárá. Ti dókítà dùn jù ú lọ. Gbogbo bí o ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, mo máa ń tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ ìwọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn lọ́dún tó kọjá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èyí tí kò dára yìí ni mo gbà fún. Mo gbà."

"Ó ní kí ló wí?" ni wọ́n ń béèrè lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ó gbà!"

"Ìyẹn náà nìyẹn? Wọn ò ní gbá ara wọn mọ́ra?"

Kí wọ́n tó lè ro ìyẹn, awakọ̀ fun fèrè, kọ́ńdọ́ sọ àpótí onípáálí kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Omijé, ọkọ̀ sì gbéra pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń wòran. Bàbá ilé ìfowópamọ́ bú ẹnìkan tí kò dárúkọ, ó padà lọ sórí ìlà. Ajá ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Orin kankan kò dún. Orúkọ kankan kò gòkè. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tí ìwé ọ̀rọ̀ tán lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nínú gbogbo fíìmù tí wọ́n ti sọ, kò sí ọ̀kan tó tíì fi han èèyàn ohun tó tẹ̀ lé ibí yìí.

"Ṣé o máa ń hanrun?" ni Omijé béèrè níkẹyìn.

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun kì í jẹ́ kí òun gbọ́."

"Èmi máa ń hanrun. Mo ń sọ fún ẹ báyìí kí o má wí pé mo fi pamọ́."

"Ó dáa."

"Kì í ṣe kékeré o."

"Mo ní ó dáa." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí náà. Àpótí kò kúrò nílẹ̀. "Kí ló wà nínú èyí?"

"Ìyá mi ló dì í. Mú ọ̀hún, kí n mú ibí."

Wọ́n gbé e láàárín ara wọn, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn lójú ọ̀nà.

"Rọra, o ti ń yára jù."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á."

"Èmi ni mò ń fà á? Ta ló ni bàtà tó ń fà nílẹ̀? Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè! Dúró, dúró, jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Ọwọ́ mi."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e, ẹnìkan ní igun kan, wọ́n sì ń bá ìjà náà lọ.